Ìsun Omi Ìkògòsì àti Ohun tí a ń Kọ Nípa Rẹ̀

Kí n tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga yìí, mo ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún 6 ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan tí n kò ní dárúkọ. Lára ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì ni àwọn ibi tí ènìyàn ti ń lọ wo ìran ní ilẹ̀ wa: Òkè Olúmọ, Òkè Ìdànrè, omi tí ń já láti orí àpáta ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, àti ìsun omi gbígbóná Ìkògòsì ní ilẹ̀ Èkìtì. Ìwé tí mo ń lò sọ ohun méjì nípa Ìkògòsì. Ó ní mísọ́nárì ará Amẹ́ríkà kan ni ó ṣàwárí omi náà ní ọdún 1952. Ó sì ní omi náà gbóná tó 70 dígírì Celsius ní ojú ibi tí ó ti ń sun, pé ìgbà tí ó bá pàdé ìkejì rẹ̀ tí ó tutù ni ó tó rọlẹ̀ sí 37. Mo kọ méjèèjì sára pátákó, àwọn ọmọ dà á kọ sínú ìwé wọn, mo sì ń fi ṣe ìbéèrè ìdánwò lọ́dọọdún. N kò dé Ìkògòsì rí nígbà náà.

Ní ọdún 2014, ilé-ẹ̀kọ́ náà kó àwọn ọmọ lọ wo ibẹ̀. Ibà dá mi gúnlẹ̀, n kò bá wọn lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, tí a sì ń ṣe àtúnyẹ̀wò ẹ̀kọ́ náà, ọmọkùnrin kékeré kan dìde ní ìlà iwájú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, omi yẹn kò gbóná tó bẹ́ẹ̀ o. Mo ti ẹsẹ̀ bọ ojú ibi tó ti ń sun gan-an. Ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni." Mo bi í léèrè bóyá ó mú òṣùwọ̀n ìgbóná dání. Ó ní, "Rárá, sà." Mo ní, "Ṣé ẹsẹ̀ rẹ wá gbọ́n ju ìwé lọ ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà jókòó. Nígbà tí ìdánwò dé, ó tún kọ ọ́ sínú ìwé ìdáhùn rẹ̀ pé omi Ìkògòsì gbóná bí omi tí a fi ń wẹ ọmọ ọwọ́. Mo fi báírò pupa fa igi sí i, mo yọ máàkì 2.

Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí pátápátá. Ìgbà tí mo di akẹ́kọ̀ọ́ níbí, tí mo wá jókòó síwájú olùkọ́ kan nínú ẹ̀kọ́ ìtàn tí ó ń bi wá ní ìbéèrè kan náà lójoojúmọ́ bí ẹni tí ń ka ìlẹ̀kẹ̀, ni ó tó padà wá sí mi lọ́kàn. Ìbéèrè náà ni pé: "Ta ló rí i? Ta ló sì sọ fún ẹni tó kọ ọ́?" Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bí ó ti tún bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀, ojú ọmọ náà yọ sí mi kedere, pẹ̀lú kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ tí ó ti gbó. Láàárín èmi, ìwé mi, àti ọmọ náà, òun nìkan ni ó ti ẹsẹ̀ bọ omi, òun sì ni mo ní kí ó jókòó.

Nítorí náà, ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, mo gbéra. Mo yá òṣùwọ̀n ìgbóná kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi tí ó wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, irú èyí tí ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀, tí omi pupa ń gòkè nínú rẹ̀. Mo fi aṣọ wé e, mo tẹ́ ẹ sáàárín ẹ̀wù mi, mo sì wọ ọkọ̀ ní Ìbàdàn. Ọ̀rẹ́ mi ti kìlọ̀ fún mi pé bí ó bá fọ́, kí n má wulẹ̀ padà wá.

Láti Ìbàdàn dé Ilé-Ifẹ̀, kò sí ohun tí ojú ń rí bí kò ṣe ọjà etí ọ̀nà àti kòtò inú ọ̀dà. Ó di ẹ̀yìn Iléṣà kí ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí gbéra sókè. Ọkọ̀ ń kérora, ọ̀nà ń lọ́ bí ejò, afẹ́fẹ́ sì ń tutù sí i lójú fèrèsé. Ẹni tí ó bá ń gba ibẹ̀ lọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè kò ní béèrè ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé láti ara òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti wá. Òkè náà nà bí ògiri láti gúúsù lọ sí àríwá. Òkúta rẹ̀ kì í ṣe akọ òkúta dúdú tí a mọ̀ ní Ìdànrè àti Abẹ́òkúta. Òkúta funfun líle kan ni, tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní quartzite, tí ó ń dán bí iyọ̀ bí a bá fọ́ ọ. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi òkúta yìí sọ́kàn, nítorí òun ni ó ni ìdí ọ̀rọ̀.

Ilẹ̀ olómi ni ilẹ̀ yìí. Láti ara òkè kan náà ni omi Erin-Ìjẹ̀ṣà ti ń já. Ní Ìgèdè-Èkìtì, tí kò jìnnà púpọ̀ sí ibẹ̀, ni odò Ọ̀ṣun ti ń sun kí ó tó la ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá lọ sí Òṣogbo, kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ dé ọ̀sà. Orí àwọn òkè wọ̀nyí náà ni ogun Kírìjì ti gbóná láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀. A mọ ọdún tí ogun náà bẹ̀rẹ̀, èyíinì ni 1877, a sì mọ ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà rẹ̀, ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886. Ohun tí àwọn jagunjagun ń mu ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn kò sí nínú ìwé ẹnì kankan tí mo kà, bẹ́ẹ̀ ni ogun kò ṣeé jà lórí òùngbẹ. (Ẹ má retí pé kí n pa òwe odò tí ó gbàgbé orísun rẹ̀ o. Àwọn olóṣèlú ti pa á tán.)

Mo sùn sí Àrámọkọ, mo sì dé Ìkògòsì ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì. Ọyẹ́ mú gan-an. Mo san owó ẹnu-ọ̀nà. Ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa mú àlejò káàkiri, ẹni tí kò ní ju ọmọ ọdún 30 lọ, kí mi káàárọ̀, ó sì ṣáájú mi wọ abẹ́ igi. Igbó ibẹ̀ dúdú, ó ga, ẹyẹ pọ̀ nínú rẹ̀. Kí n tó rí omi ni mo ti rí ooru tí ń rú jáde láàárín igi bí èéfín ilé ìdáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá iná sí. Mo jẹ́wọ́ pé àyà mi já. Mo ní, àbí ìwé ni ó tọ̀nà?

Ìsun náà kì í ṣe ojú kan. Ó ń ti ibi púpọ̀ jáde ní ìsàlẹ̀ òkè, lábẹ́ òkúta àti gbòǹgbò igi, láìpariwo, tí yanrìn kéékèèké sì ń jó nínú rẹ̀ bí ẹ̀wà nínú ìkòkò. Omi náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè ka ewé tí ó bọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ó ń ṣàn wálẹ̀. Omi kejì, tí ó tutù, ń bọ̀ láti ìhà kejì. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni gbogbo àlejò ń dúró sí láti ya àwòrán, ẹsẹ̀ kan nínú èyí tí ó gbóná, ẹsẹ̀ kan nínú èyí tí ó tutù. Èmi náà ṣe é. Kò sí bí a ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò ṣe é rí: ó dà bí ẹni pé ènìyàn wà ní ọ̀sán àti ní òru lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọkùnrin tí ó mú mi rìn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó ti há sórí. Ó ní, "70 dígírì ni ibi tí ẹ dúró sí yìí, sà. Tó bá dé ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó di 37." Mo wo ẹsẹ̀ mi. Inú ojú ìsun gan-an ni ó wà, ó sì ń gbádùn ara rẹ̀. Mo bi ọkùnrin náà pé níbo ni ó ti gbọ́ nípa 70 yìí. Ó ní, "Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti kọ́ wa, sà."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo ti lérò pé àwọn tí wọ́n wà nídìí omi ni wọ́n sọ fún àwọn tí wọ́n ń kọ ìwé, àwọn tí wọ́n ń kọ ìwé ni wọ́n sọ fún èmi olùkọ́. N kò mọ̀ pé irú mi ni wọ́n sọ fún ẹni tí ó wà nídìí omi.

Mo tú òṣùwọ̀n ìgbóná jáde nínú aṣọ, mo tì í bọ ojú ìsun. Omi pupa gòkè, ó gòkè, ó dúró. Ó fi díẹ̀ lé ní 37. Mo lọ sí ojú kejì àti ojú kẹta. Kò sí èyí tí ó dé 39 nínú wọn. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, ó mi orí. Ó ní, "Nǹkan yín ti bàjẹ́, sà." Mo ní kí a dán an wò. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó nù ún gbẹ, ó mì í wálẹ̀, ó sì fi há abíyá ara rẹ̀ bí ẹni tí ó lọ sí ọsibítù. A dúró nínú ọyẹ́ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àwa àgbàlagbà méjì, tí a ń wo ara wa láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí ó yọ ọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 37. Nǹkan kò bàjẹ́. Omi òkè Ìkògòsì àti ara ọmọ ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra ní ìgbóná.

Mo wọn omi tútù náà, ó jẹ́ 24. Mo wọn ibi tí wọ́n ti pàpọ̀ dáadáa, ó jẹ́ 31. Ó sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀: bí èyí tí ó gbóná bá jẹ́ 37 tẹ́lẹ̀, tí a sì bu omi tútù lé e, kò sí oògùn tí yóò mú kí ó ṣì jẹ́ 37. 37 tí ìwé fi sí ìsàlẹ̀, ojú ìsun ni ó ni ín.

Nígbà tí mo padà dé, mo rí i pé òṣùwọ̀n mi kò ṣàwárí ohun titun kankan. Ní ọdún 1969, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Rogers, Imevbore àti Adégòkè, ti kọ nípa omi yìí nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ ilẹ̀ àti ìwakùsà Nàìjíríà. Wọ́n ti wọ̀n ìgbóná rẹ̀, wọ́n ti yẹ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ wò, wọ́n sì ti kọ ọ́ pé nǹkan bí 37 dígírì ni. Àwọn tí wọ́n ń ṣe ìwádìí ilẹ̀ kò jiyàn lórí rẹ̀ láti ìgbà náà. Àwa yòókù, àwa oníwèé ilé-ẹ̀kọ́, oníwèé ìròyìn àti oníwèé ìpolówó, ni a ń da 70 kọ láti ọwọ́ ara wa.

Bí a kò bá tilẹ̀ ní òṣùwọ̀n, ọgbọ́n orí tó. Omi tí ó gbóná tó 60 dígírì yóò bó ènìyàn lára láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. 70 ni omi tí a gbé kaná fún ẹ̀bà, tí kò tíì hó ṣùgbọ́n tí ó ti ń kùn lórí iná bí oyin. Ta ni yóò ti ẹsẹ̀ bọ irú omi bẹ́ẹ̀ kí ó sì dúró ya àwòrán? Ọ̀rẹ́ mi kan dá a lábàá pé bóyá òṣùwọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, Fahrenheit, ni 70 náà, kí a tó yí sí Celsius. Àbá tí ó dára ni, ṣùgbọ́n 70 ti Fahrenheit jẹ́ 21 ti Celsius, èyí tí ó tutù ju omi tútù ibẹ̀ pàápàá lọ. Mo dá àbá rẹ̀ padà fún un.

Kí ni ó wá mú omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́? Kì í ṣe òkè tí ń yọ iná, nítorí kò sí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń gbóná bí a ti ń jìn sí i. Ní ibi púpọ̀ láyé, bí a bá sọ̀kalẹ̀ ní kìlómítà 1, ìgbóná yóò fi nǹkan bí 25 sí 30 dígírì lé. Òjò tí ó rọ̀ sórí òkè Ẹ̀fọ̀n ń wọ inú àwọn ibi tí òkúta funfun náà ti sán, ó ń rì lọ sísàlẹ̀, ó ń pẹ́ níbẹ̀, ó ń mú ooru, kí ó tó rí ibi tí ó sán mìíràn gbà jáde kíákíá kí ó má baà tutù tán lọ́nà. Èyí tí ó tutù kò rì jìnnà. Òjò kan náà ni wọ́n, ọ̀nà ni kò jọra.

Òkúta yìí kan náà ni ó jẹ́ kí omi náà ṣeé mu. Quartzite kì í yọ́ sínú omi. Bí òjò ti wọlé láìní adùn ni ó ṣe ń jáde láìní adùn. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ní Keana àti Awe, ní Ìpínlẹ̀ Nasarawa, omi tí ń sun láti inú ilẹ̀ ní iyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń sè é di iyọ̀ tà láti ayé àtijọ́. Bí a bá sì ń wá omi tí ó gbóná jù ní Nàìjíríà, kí a má wulẹ̀ wá a ní Ìkògòsì: Ruwan Zafi ní Adamawa àti Akiri ní Nasarawa lé ní 50 dígírì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn náà kò dé 60. Wikki tí ó wà ní Yankari, tí gbogbo ayé ń lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, kò ju nǹkan bí 31 lọ. Ẹ wo ohun tí 70 ń ṣe: ó fi Ìkògòsì ṣe olórí níbi tí kì í ti í ṣe olórí, ó sì gbàgbé láti sọ pé omi rẹ̀ dùn ún mu.

Mo mu ún. Mo fi ọwọ́ bù ú ní ojú ìsun, mo mu ún bẹ́ẹ̀ ní gbígbóná, kò sì bá mi lára mu lákọ̀ọ́kọ́, nítorí ahọ́n Yorùbá mọ ohun tí ó ń retí lọ́wọ́ omi odò. Omi tútù ni a fi ń tu ilẹ̀ lójú, omi tútù ni a fi ń kí àlejò, omi tútù ni a fi ń bẹ òrìṣà. Omi tí ó wá láti inú igbó tí ó sì gbóná ń da ọ̀rọ̀ rú lẹ́nu. Mo rọ ìgò kan dání. Nígbà tí ó di ọ̀sán tí ó ti tutù, mo tún mu ún, kò sì sí ohun tí ó fi yàtọ̀ sí omi tí ó dára jù tí mo tíì mu. Àwọn oníṣòwò kò ṣàìmọ̀ èyí. Wọ́n ti rọ omi Ìkògòsì sínú ike tà káàkiri Nàìjíríà, orúkọ tí wọ́n gé láti ara orúkọ ìlú náà, Gossy, ni wọ́n sì fún un.

Bí mo ti ń jáde, mo yà lọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tí ó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Mo ní, "Ẹ kú ọjà o, Màmá." Ó ní, "Oò, ọmọ mi. Ṣé o ti rí ìyàwó méjèèjì?" Ọkùnrin àkọ́kọ́ ti sọ ìtàn náà fún mi nínú igbó: ọkọ kan ní aya méjì, ìjà wọn kò tán, ni wọ́n bá di omi, ọkọ tí kò lè parí ìjà náà sì di òkè tí àwọn méjèèjì ń ti ìdí rẹ̀ sun. Ó ní ìyálé ni omi gbígbóná, nítorí owú. Mo sọ èyí fún Màmá. Ó ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìyàwó ni! Ìyàwó kékeré ni, òun ló gbé ẹnu wọlé. Ìyálé tutù ní tirẹ̀, ó fara balẹ̀." Mo rọra bi í pé, "Màmá, ẹ̀yin ńkọ́ nílé ọkọ yín?" Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni ìyálé."

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan máa ń fi irú ìtàn báyìí ṣẹ̀sín. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí níwájú kíláàsì. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn ìyálé àti ìyàwó, n kò rí ohun kan nípa omi náà tí ó jẹ́ irọ́. Ó ní omi méjì ni, láti ìdí òkè kan. Ọ̀kan gbóná, ọ̀kan tutù. Wọ́n pàdé, wọ́n sì ń gbé pọ̀. Ẹni tí ó bá fi ìtàn yìí rìn lọ síbẹ̀ yóò bá gbogbo rẹ̀ bí ó ti gbọ́ ọ. Ẹni tí ó fi ìwé mi rìn yóò máa bẹ̀rù láti ti ẹsẹ̀ bọ omi.

Mo bi Màmá nípa ọdún 1952. John S. McGee, mísọ́nárì Ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, ni a máa ń dárúkọ pé ó ṣàwárí ìsun náà ní ọdún yẹn. N kò ní ohun kan lòdì sí ọkùnrin náà. Àwọn ènìyàn rẹ̀ dá àgọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, orúkọ omi náà sì ti ipa bẹ́ẹ̀ dé etí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò bá má gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ń bá jà, òun ni "ṣàwárí". Màmá ní omi yẹn ni ìyá òun fi wẹ òun nígbà tí wọ́n bí òun. Mo rántí ìbéèrè olùkọ́ mi, mo wá wá ọ̀nà láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ọ́n. Mo ní, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹ wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n ní kí wọ́n na ọwọ́ kọjá orí kan etí? Oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ó ní, "Èmi? Ọwọ́ mi ti kan etí tipẹ́. Àbúrò mi tó tẹ̀ lé mi ni wọ́n mú lọ." Àbúrò rẹ̀, tí ó tó ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní 1955, kò lè kéré sí ọmọ ọdún 5 tàbí 6. Nígbà náà, kí 1952 tó dé, a ti fi omi Ìkògòsì wẹ ọmọ méjì ní ilé kan ṣoṣo, a sì ti ń mu ún. Ó tún sọ fún mi pé wọn kì í gbé e kaná rárá bí wọ́n bá fẹ́ fi wẹ ọmọ titun. Bí wọ́n bá ti pọn ọ́n dé, ó ti tó.

Bí omi tí a fi ń wẹ ọmọ ọwọ́. Mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi tán láìsọ ohun kan.

Ó gbà mí ní oṣù 3 kí n tó rí nọ́ńbà fóònù ọmọkùnrin náà gbà lọ́wọ́ olùkọ́ kan tí ó ṣì wà níbẹ̀. Ó ti di géńdé, ó ń kọ́ iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ní Àkúrẹ́. Mo sọ orúkọ mi, ó ní, "Ẹ káàsán, sà," bí ẹni tí ó fẹ́ dìde dúró. Mo sọ fún un pé mo ti dé Ìkògòsì, pé mo wọn omi náà níbi mẹ́ta, pé kò dé 39 níbìkan, àti pé mo jẹ ẹ́ ní máàkì 2. Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo lérò pé ó ti gbàgbé, mo sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, sà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Èyí tó tutù yẹn ńkọ́, èló ni?"

Mo ní 24 ni. Ó ní kí n dúró, kí òun mú báírò.